Kí A Máa Ya Àwòrán Ẹran Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù olùkọ́. Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni. Gbogbo wa ni a mọ bí iṣẹ́ tí a yàn yìí ti rí. Olùkọ́ a jí ní kùtùkùtù, a dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí di ọ̀sán, a gbé òkìtì ìwé tí yóò yẹ̀ wò padà sílé, a sì tún jókòó kọ ètò ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì kí ó tó sùn. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá mọ bí a ti ń sinmi, kò ní pẹ́ tí iṣẹ́ náà yóò fi sú u. Bí iṣẹ́ bá sì ti sú olùkọ́, àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ń fi bọ́ọ̀lù gbígbá sinmi, àwọn kan ń fi orin kíkọ sinmi, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ń wo fóònù títí ojú yóò fi máa ta wọ́n. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n a fẹ́ sọ ti ìsinmi kan tí owó rẹ̀ kò wọ́n, tí kì í pariwo, tí ó sì ń mú kí olùkọ́ sàn ju bí ó ti wà lánàá lọ. Èyí ni pé kí a mú pẹ́ńsù àti ìwé, kí a jókòó ti ẹran ilé wa, ìbáà ṣe ajá, ìbáà ṣe ológbò, ìbáà ṣe ewúrẹ́ tàbí adìyẹ, kí a sì ya àwòrán rẹ̀. Èrò wa ni pé iṣẹ́ kékeré yìí ń sinmi ọkàn, ó sì ń la ojú; àti pé olùkọ́ tí ojú tirẹ̀ kò là kò lè la ojú ọmọ.

Kí a tó máa yin àṣà yìí, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ó mú wa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bu iyì kún wa. Nígbà tí a wà ní ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, a fi wá sí kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Ní ọjọ́ kan, bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, a rí ọmọkùnrin kan tí ó tẹ orí ba mọ́ ìwé rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì dùn ju bí inú ọmọ ti í dùn sí ìṣirò lọ. A yọ́ lọ bá a. Ewúrẹ́ ni ó ń yà sí etí ìwé. A já ìwé náà gbà, a gbé e sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i, a sì bi í pé, “Ṣé ewúrẹ́ ni yóò bá ọ ṣe ìdánwò?” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. A ní kí ó kúnlẹ̀ títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí, ọmọ náà sì kúnlẹ̀ láìsọ ohunkóhun. Lójú wa nígbà náà, a ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ gidi.

Ilé tí a wọ̀ sí nígbà náà wà ní Ire-Akárí, ní Ìsọlọ̀, ní àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Èkó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí kan náà, bí a ti ń yẹ ìwé àwọn ọmọ wò níbẹ̀, a tún bá ewúrẹ́ náà pàdé. Ohun kan wà ní ojú rẹ̀ tí ó pa wá lẹ́rìn-ín. Ọmọlójú rẹ̀, ìyẹn ibi dúdú tí ó wà ní àárín ẹyinjú, kò rí roboto bí ti ènìyàn. Ọmọ náà ti fà á ní ìbú, bí ihò tí a ń gbà sọ owó sínú kóló. A ní lọ́kàn wa pé, ọmọ yìí kò mọ ìṣirò, kò sì mọ ewúrẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan dúró lẹ́nu géètì, ó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a wo ojú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ti yà á, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí!

Ẹ̀yin ará, ìtìjú mú wa. Láti kékeré ni a ti ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, tí a ń já ewé fún un, tí a sì ń jẹ ẹran rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n a kò wò ó rí. Ọmọ tí a fi ṣe ẹlẹ́yà ni ó mọ ewúrẹ́. Àwa tí a di pàṣán mú ni a kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a dé kíláàsì, a bẹ ọmọ náà lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ojú gbogbo wọn ni a ti dójú tì í. A sì bi í bí ó ti ṣe mọ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ewúrẹ́ ìyá mi ni. Èmi ni mo máa ń ṣọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ kí ó má baà jẹ gààrí tí ìyá mi ń tà. Bí mo bá ti ń ṣọ́ ọ, mo máa ń yà á.” Ẹ gbọ́ ná! Ọmọ tí ó kàwé ní òwúrọ̀, tí ó tún ń ṣọ́ ọjà ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ti wá ìsinmi fún ara rẹ̀, àwa olùkọ́ rẹ̀ sì fẹ́ gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwa pẹ̀lú ti ra pẹ́ńsù kan àti ìwé kan tí kò ní ìlà.

Nígbà tí a wá ìdí ọ̀rọ̀ ojú ewúrẹ́ yìí, a rí i pé àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ojú oríṣi ẹranko 214. Wọ́n rí i pé ẹranko tí ń jẹ koríko, tí ẹranko mìíràn sì ń pa jẹ, ni ó sábà máa ń ní ọmọlójú tí ó wà ní ìbú, nítorí èyí ń jẹ́ kí ó lè máa ṣọ́ ilẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì bí ọ̀tá bá ń bọ̀. Ní ti ẹranko kúkúrú tí ń ba de ohun tí yóò pa, gẹ́gẹ́ bí ológbò, ọmọlójú tirẹ̀ sábà máa ń dúró lóòró. Bí ewúrẹ́ bá tilẹ̀ tẹ orí ba láti jẹko, ẹyinjú rẹ̀ a máa yí, kí ọmọlójú náà lè wà ní ìbú síbẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i pé ọmọ kékeré kan ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀kọ́ ńlá yìí pẹ̀lú pẹ́ńsù rẹ̀ lásán, kí àwa tó lé e padà?

Èyí ni ó mú wa ronú lórí bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Olùkọ́ a ṣí ìwé, a ya ajá inú rẹ̀ sí pátákó, a sì ní kí gbogbo kíláàsì dà á kọ. Ajá inú ìwé náà, ajá ilẹ̀ òtútù ni; irun rẹ̀ gùn, etí rẹ̀ sì wó lulẹ̀. Ajá tiwa, irun rẹ̀ kúrú, etí rẹ̀ nà ró, ìrù rẹ̀ ká sókè, bóyá ó tilẹ̀ ń sùn lábẹ́ fèrèsé kíláàsì ní àkókò náà gan-an. Bí ọmọ kan bá wá ya ajá ilé rẹ̀ bí ó ti mọ̀ ọ́n, a óò fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí i pé kò gbà á. Ǹjẹ́ kí ni a ń kọ́ ọmọ náà? Àwa ń kọ́ ọ pé ohun tí ojú rẹ̀ rí kò tó nǹkan, àfi ohun tí ó bá wà lórí pátákó.

Ọ̀gá ayàwòrán kan wà ní ilẹ̀ Jámánì láyé àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Albrecht Dürer. Ní ọdún 1502 ó ya ehoro kan, ó sì ya irun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá rí i yóò fẹ́ na ọwọ́ kàn án. Ìlú Vienna ni àwòrán náà wà títí di òní. Ní ọdún 1515, a fi ọkọ̀ ojú omi gbé àgbáǹréré kan wá láti Íńdíà sí ìlú Lisbon. Dürer kò fi ojú ara rẹ̀ rí i; àpèjúwe àti àwòrán tí ẹlòmíràn ṣe ni ó fi ya tirẹ̀. Ó fi ohun tí ó dà bí ẹ̀wù irin ọmọ ogun bo ara ẹranko náà, ó sì fi ìwo kékeré kan sí i ní ẹ̀yìn ọrùn, níbi tí àgbáǹréré kankan kò ní ìwo sí. Ọ̀gá kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rí yàtọ̀ sí ohun tí ó gbọ́. Bí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ bá lè ṣìnà nítorí àìrí, kí ni kí a wá sọ nípa tiwa?

Àwọn kan yóò wí pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn jókòó ti ẹranko kí ó máa ya àwòrán rẹ̀. Àwa kò gbà. Àwọn ọdẹ wa tí ń sun ìjálá a máa fi ẹnu ya ẹranko. Wọn a sọ bí ó ti ń rìn, bí ìrù rẹ̀ ti rí, ohun tí ó ń jẹ àti irú ìwà tí ó ń hù, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò dé igbó rí yóò fi mọ̀ ọ́n bí ó bá pàdé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti dúró wò pẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, a ti wú orí ẹranko tí àwọn àgbà fi amọ̀ mọ jáde nínú ilẹ̀, erin sì wà nínú wọn. Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ń fi igi gbẹ́ orí àgbò fún ojúbọ àwọn baba ńlá wọn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ẹni tí ó kú ní ọdún 1938, gbẹ́ ẹṣin àti ẹni tí ó gùn ún sára òpó ààfin Ìkẹ́rẹ́. Àwọn wọ̀nyí kò ha wo ẹranko kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ?

Ní ti pẹ́ńsù àti ìwé, Aina Onabolu ni aṣáájú wa. Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí i sí ní ọdún 1882. Àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó ni ó ń wò nígbà èwe rẹ̀, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ yíyà. Nígbà tí ó dé Èkó, iṣẹ́ akọ̀wé ni ó fi ń jẹun. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni ó ń ya àwòrán. Ní ọdún 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí a ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ọdún 1920 ni ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ṣẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó padà ní ọdún 1922, ó ń lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó sì rọ ìjọba títí wọ́n fi mú olùkọ́ àwòrán mìíràn, Kenneth Murray, wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1927. Àwòrán ènìyàn ni ó sọ Onabolu di olókìkí, kì í ṣe àwòrán ẹranko. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọdún mẹ́rìnlá ni ó wà láàárín àwòrán ti 1906 àti ìrìnàjò rẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí akọ̀wé kan ń ṣe nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni ó di ẹ̀kọ́ fún odindi orílẹ̀-èdè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ire-Akárí. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìdákẹ́jẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú tí ń lọ sí Ìkẹjà a máa kọjá lókè orí wa, kẹ̀kẹ́ a máa fọn fèrè ní títì, bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé mẹ́wàá yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹran ọ̀sìn kò wọ́n níbẹ̀. Ajá wà lẹ́yìn géètì, ológbò wà nínú ṣọ́ọ̀bù kí eku má baà jẹ ìrẹsì, adìyẹ ń tan ilẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tí kò rìn mọ́, bí ọdún Iléyá bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, àgbò yóò wà lẹ́nu ọ̀nà ilé púpọ̀. Ẹni tí ó bá ní òun kò rí ohun tí òun yóò yà ní Èkó, kò tíì wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Bàbá onílé wa ní ajá kan tí ń jẹ́ Tanímọ̀la. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà wa a máa fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ lójú ẹni, wọn a fi pe ajá. A kò bèèrè ẹni tí Bàbá ń bá wí. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, a gbé àpótí, a jókòó níwájú ajá yìí. Orí rẹ̀ ṣeé yà, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé yà, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kọ̀. Ìgbà mẹ́ta ni a yà á tí a sì pa á rẹ́. Irun ibẹ̀ kò lọ gẹ́gẹ́ bí ti ibi yòókù. Ó kàn ń dá ní àárín. A sún mọ́ ọn, a fi ọwọ́ ya irun náà, a sì rí i pé ẹ̀wọ̀n tí a fi so ó ti gé e lọ́rùn, egbò sì wà lábẹ́ irun. Oṣù méjì ni a ti ń kọjá lára Tanímọ̀la lójoojúmọ́, tí a ń pe orúkọ rẹ̀, tí òun náà ń ju ìrù sí wa.

A pe Bàbá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n sì ní, “Ọmọ mi, ojú mi kò tó ibẹ̀ mọ́.” Wọ́n tú ẹ̀wọ̀n náà sọnù, wọ́n ra ọ̀já aláwọ tí ó fẹ̀, wọ́n sì pe oníṣègùn ẹran wá. Egbò náà jinná. Ní ti àwòrán wa, kò dára. Etí kan tóbi ju èkejì lọ. Síbẹ̀ Bàbá gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀ wọn. Àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ènìyàn tí ó ní ẹnu ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún; mélòó mélòó wá ni ẹranko tí kò lè sọ̀rọ̀? Ẹni tí kò bá wò ó kò lè mọ ohun tí ń ṣe é.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba ohun tí a ti kọ́ nìyí. Èkíní, ẹran tí ń sùn ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí èyí tí ó jí kò ní dúró dè wá. Èkejì, kí a má ṣe fi irun bẹ̀rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ fi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ ya ohun tí ó dà bí ẹyin mẹ́ta, ọ̀kan fún orí, ọ̀kan fún àyà, ọ̀kan fún ìdí. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá bọ́ sí ipò, ẹranko náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ẹ̀kẹta, kí a máa wo ẹran náà ju bí a ti ń wo ìwé lọ. Ẹ̀kẹrin, kí a fi àmì funfun kékeré sílẹ̀ nínú ojú rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn. Bí a bá kun gbogbo ojú ní dúdú, òkú ẹran ni a yà. Ẹ̀karùn-ún, kí a fa irun sí ibi tí ó kọjú sí lára ẹran náà. Ti iwájú orí ń lọ sẹ́yìn, ti àyà ń wá sísàlẹ̀.

Bí a bá ti ń ṣe èyí, ẹ̀kọ́ yóò máa wọlé láìjẹ́ pé a pè é. Ó pẹ́ tí a ti rò pé orúnkún ẹ̀yìn ajá yí sẹ́yìn. Yíyà ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ibi tí a ń pè ní orúnkún náà, gìgísẹ̀ rẹ̀ ni. Orí ìka ẹsẹ̀ ni ajá ń rìn, orúnkún rẹ̀ gan-an sì wà lókè lẹ́bàá ikùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti adìyẹ. Ìka ẹsẹ̀ iwájú ológbò jẹ́ márùn-ún, ti ẹ̀yìn jẹ́ mẹ́rin. Ewúrẹ́ kò ní eyín iwájú lókè. Ti ìsàlẹ̀ nìkan ni ó fi ń já ewé. Olùkọ́ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya nǹkan wọ̀nyí kò tún ní há ẹ̀kọ́ nípa ẹranko sórí mọ́.

Ǹjẹ́ ó ha ń sinmi ni lóòótọ́? Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ń ṣe sí wa. Bí a bá ti ń wọn bí etí ti jìnnà sí ojú tó, a kò lè ráyè rántí ọ̀rọ̀ kíkan tí ẹnìkan sọ sí wa ní ọ̀sán. Èémí a rọlẹ̀, èjìká a rọlẹ̀, a kì í sì í gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ mọ́. Kì í ṣe àwa nìkan. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Drexel ní ìlú Philadelphia tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti fún àgbàlagbà 39 ní ìṣẹ́jú 45 láti fi ọwọ́ wọn ṣe iṣẹ́ ọnà bí ó ti wù wọ́n. Wọ́n wọn ohun tí a ń pè ní kọ́tísóòlù nínú itọ́ wọn ṣáájú iṣẹ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ni ohun tí ó máa ń pọ̀ sí i nínú ara nígbà tí wàhálà bá bá ènìyàn. Ní ara bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn, ó dín kù. Kò sì ní láti jẹ́ pé ẹni náà ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí kí ó tó dín kù. Nítorí náà, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́n má ṣe bẹ̀rù.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò tako wa. Ẹni kan yóò wí pé, “Níbo ni àyè wà?” Ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀ kò pọ̀ jù fún ẹni tí ń fi wákàtí méjì wo fóònù lójúmọ́. Ẹni kejì yóò wí pé, “A kò dá yíya àwòrán mọ́ mi.” Arákùnrin, a kò dá a mọ́ àwa náà, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni kẹta yóò wí pé, “Fóònù yóò ya ajá náà ní ìṣẹ́jú àáyá, yóò sì jọ ọ́ ju tiyín lọ.” Òótọ́ ni, ohun tí ó sì ń dùn wá nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Fóònù ti parí iṣẹ́ kí ojú wa tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àwòrán Tanímọ̀la tí a fi fóònù yà ju mẹ́wàá lọ lọ́wọ́ wa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi egbò ọrùn rẹ̀ hàn wá.

Ẹ̀rù kan ṣoṣo ni ó ń bà wá. Àwa olùkọ́, ohunkóhun tí a bá fọwọ́ kàn a máa fẹ́ sọ ọ́ di ìdánwò. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi máàkì sí àwòrán ewúrẹ́, tí a ní ta ni ó ṣe ipò kìíní, ta ni ó gbẹ́yìn, ìsinmi náà ti parí nìyẹn. Ọmọ tí ó ń ṣọ́ gààrí ìyá rẹ̀ kò ya ewúrẹ́ rẹ̀ nítorí máàkì. Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níhìn-ín, kí a ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́, láìsí ẹ̀bùn, láìsí ìdíje. Inú wa yóò sì dùn bí ẹ̀yin olùkọ́ wa bá lè bá wa jókòó. Bí a bá sì dé kíláàsì tiwa, kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ya ẹran ilé wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bí wọ́n ti rí i, kí a gbé pẹ́ńsù pupa sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì bi wọ́n pé, “Kí ni o rí?” Ẹ ó rí i pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nígbà ìṣirò yóò sọ̀rọ̀.

Ọmọ tí a dá kúnlẹ̀ náà ti lọ sí kíláàsì mìíràn báyìí. Kí a tó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó fún wa ní ewúrẹ́ kan tí ó yà sórí ìwé gidi, kì í ṣe sí etí ìwé ìṣirò mọ́. Ó wà nínú Bíbélì wa títí di òní. Bí iṣẹ́ bá fẹ́ sú wa, tí a sì ń wá ọmọ tí a óò jágbe mọ́, a máa ń ṣí i wò, ojú náà a sì máa wò wá ní ìbú. Létí tiwa, àdúrà ni orúkọ àdúgbò tí a ti kọ́ ọgbọ́n yìí: kí ire kárí. Ire kékeré tí ó kàn wá níbẹ̀ ni a gbé wá fún yín yìí. Ẹ mú pẹ́ńsù yín, ẹ lọ jókòó ti ẹran ilé yín, kí ó lè kárí gbogbo wa.